Ẹni Tó Ṣáájú Wa Lọ sí Èkó

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n orúkọ ìbejì ò ṣeé fi pamọ́ fún ọmọ Yorùbá: bí mo bá ti ní mo bí ìbejì, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọra débi pé mo ní láti so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, kí n má bàa fún ẹnì kan lóògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí èyí àkọ́dé ṣàìsàn. Ibà la kọ́kọ́ pè é. A gbé e lọ sí ọsibítù, a fi èkejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tí a gbé lọ ò bá wa padà wálé.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Bí èkejì bá ń béèrè, a ó ní ó lọ sí Èkó, ó lọ ra aṣọ, ó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ìloro ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tó kù láàárín orókún rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni èmi, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Ìjẹ̀bú, èdè Màmá ò sì tíì yé mi tán títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn yé mi yékéyéké. Ohun kan náà ni wọn ì bá sọ nílé bàbá mi.

Wọ́n ní bí èyí tó wà láàyè bá gbọ́ pé èkejì òun ti kú, yóò fẹ́ tẹ̀lé e. Onígbàgbọ́ ni wá o, ìjọ Áńgílíkà ni ìdílé ọkọ mi láti ìgbà ìwásẹ̀, ọkọ mi sì máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ohùn tó ń dún gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bi mí léèrè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àmọ́ ọ̀kan ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní fi èkejì dán an wò.

Nítorí náà, gbogbo nǹkan ni à ń rà ní méjì-méjì. Aṣọ Kérésì méjì, bàtà méjì, báàgì ilé ìwé méjì. Èyí kejì á wọ inú àpótí Màmá, wọ́n á ní awakọ̀ kan ti bá wa gbé e lọ sí Èkó. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tó wà nílé ṣe ń gùn ni mò ń ra bàtà tó tóbi sí i fún ẹni tí kò sí. Bí mo bá lọ sọ́jà ní Orù, àwọn tó ń ta bàtà ti mọ̀, wọ́n á mú méjì sílẹ̀ kí n tó lanu. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ṣì ń pè mí. Bí a bá lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní òpin ọ̀sẹ̀, Màmá á sọ fún ọmọ náà pé, "Èkejì wẹ ní kí n kí ẹ o," ọmọ á sì béèrè ohun tó ń jẹ níbẹ̀ àti bóyá ó ti mọ̀wé kà. Màmá ní èsì fún gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti ń rí wọn.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń ṣe báyìí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí dé.

Ọkọ mi ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ náà la ń gbé. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, Abigi la máa ń kó àwọn ọmọ lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. A ó jẹ ẹja tútù, a ó wo omi, ẹ̀fọn á jẹ wá, a ó padà sílé. Lọ́dún náà, àkọ́bí wa, ọmọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́wàá, ní Abigi ti sú òun, ọkọ̀ ojú irin lòun fẹ́ wọ̀. Bàbá rẹ̀ gbá a mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rò pé òun gan-an ló fẹ́ wọ̀ ọ́, ó kàn ń wá ọmọ tí yóò bá a sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Láti Àgọ́-Ìwòyè sí Èkó, Ìjẹ̀bú-Òde lèèyàn ń gbà, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Kí a tó lè wọ ọ́, a ní láti kọjú sí òdìkejì, ká gba Orù, Awà àti Mamu dé Ìbàdàn, ká la gbogbo Ìbàdàn já dé Mọ́níyà, ká tó wá jókòó sínú ọkọ̀ tí yóò gba Abẹ́òkúta gbé wa lọ sí Èkó. Mo bi ọkọ mi bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ìrìn náà gan-an ni ìsinmi, kì í ṣe ibi tí à ń lọ. Olùkọ́ yunifásítì ni, ó máa ń sọ irú nǹkan báyẹn bí ebi ò bá pa á. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Yaba ni a ó dé sí, a ó lo ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì tún wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

Ọmọbìnrin mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí lórí ẹní. Kò fò, kò pàtẹ́wọ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bi bàbá rẹ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ni yóò rà.

"Mẹ́rin," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Tí a bá ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mẹ́rin náà ni."

"Márùn-ún ni, Dádì," lọmọ náà wí, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín pé ìṣirò rẹ̀ ò dára. Èmi wà nídìí dòdò, mo ń pariwo kí wọ́n wá kó abọ́. Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi ò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ó dìde kí n tó jí i. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ yẹ́lò rẹ̀ ti Àjíǹde, ó ti fi ìpara sára títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Mo ní kí ló dé tó fi múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ èrò tó gbé wa láti Awà títí dé Ìbàdàn, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu mí lára.

Mọ́níyà mọ́ tónítóní. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹrù wa, wọ́n yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, a wọlé. Àga mẹ́fà ló kọjú síra wọn níbi tí wọ́n fi wá sí, mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Àwa mẹ́rin, màmá arúgbó kan tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, àga kan sì ṣófo. Ẹgbẹ́ àga tó ṣófo náà lọmọbìnrin mi jókòó sí. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga náà bí ìgbà tí èèyàn bá gba àyè sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ náà gbéra láìsí ariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ka òpó iná, bàbá rẹ̀ ń ṣàlàyé fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ́ irin àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ yìí. Inú mi dùn díẹ̀. Mo rántí pé inú mi dùn, nítorí pé mo ń rò ó pé ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn kẹ́yìn.

Màmá arúgbó náà béèrè orúkọ ọmọ mi. Ó sọ ọ́.

"Háà! Ẹ̀jìrẹ́! Èkejì rẹ dà?"

Kí n tó lè sọ nǹkan kan, ọmọ náà ti fèsì. Ó ní, "Ó wà ní Èkó, Mà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. A ń lọ mú un wálé ni."

Ọkọ mi já ìtàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí méjì, ó yíjú sí ọmọ náà. Màmá náà wo ojú mi, ọmọ Yorùbá ni, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tó fi mọ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, tó sì yára tún un ṣe. Ó fọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó yọ bísíkíìtì méjì jáde, nítorí kò sí ẹni tó ń fún ìbejì ní ẹyọ kan.

"Ọ̀kan tìẹ, ọ̀kan ti èkejì rẹ," ló wí. "Ẹ ó bá a láyọ̀ o."

Ọmọ mi jẹ tirẹ̀. Ó gbé èkejì sórí súwẹ́tà.

Mo fa ọkọ mi dìde, a lọ dúró ní àárín kóòṣì méjì, níbi tí ilẹ̀ ti ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni. Mo bi í pé kí la fẹ́ ṣe. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ìwọ lo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ìwọ ni kí o mọ̀. Mi ò kì í bá a sọ̀rọ̀ báyẹn. Kò bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní bóyá kí a sọ fún un pé èkejì rẹ̀ ti kúrò ní Èkó, ó ti lọ sí Kánádà.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ìdajì àwọn tó ń bá a kọ́ni ló ti kó lọ sí Kánádà, wọ́n ń fi àwòrán yìnyín ránṣẹ́. Ó kù kí òkú náà gba físà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà di ẹkún, mo sì kọjú sí ara ọkọ̀ kí àwọn tó ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ má bàa rí mi.

A pe Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń já, ó ń padà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó pariwo débi pé mo gbé fóònù náà jìnnà sí etí mi. "Ìyá Ìbejì, ìwẹ má sọ fún un o! Má sọ ọ́ o! Ọ̀kan péré ló kù lọ́wọ́ wẹ!" Nẹ́tíwọ̀kì já síbẹ̀. A padà sí àyè wa láìrí nǹkan kan pinnu.

Màmá arúgbó sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ mi, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan àga tó ṣófo, mo rò pé kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ọkọ̀ tún gbéra. Láìpẹ́ ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Ẹ̀yin márùn-ún, àbí?"

"Mẹ́rin," ni mo wí.

"Ọmọbìnrin kejì ńkọ́? Tó wọ yẹ́lò bíi ti èyí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀ ní kóòṣì iwájú."

Ọkọ mi ní ọmọ wa náà ló rí, pé ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà ní ó dáa, ó sì lọ. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu ni. Mo dì í mú ṣinṣin. Àmọ́ ẹ̀yìn ni ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n lọ wà, kì í ṣe iwájú. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi ti gbọ́. Ó jókòó gan-an, ó ń wo ilẹ̀kùn kóòṣì iwájú láìṣẹ́jú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan ọrùn rẹ̀ bóyá ibà ni.

Níbìkan lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ọkọ̀ wa rọra dúró. Wọ́n ní à ń dúró de èyí tó ń ti Èkó bọ̀. Ó dé. Kò sáré, ó rọra ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fèrèsé kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń wò wá bí a ṣe ń wò wọ́n. Ọmọ mi ti fi ojú lẹ gíláàsì. Lójijì ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a.

"Òun nìyẹn! Mọ́mì, òun nìyẹn! Ó rí mi!"

Mo wò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán. Mo rí yẹ́lò, mo rí ọwọ́ kékeré kan lórí gíláàsì. Mi ò rí ojú. Ọkọ mi ní òjìji tirẹ̀ ló rí nínú gíláàsì, pé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni bí fèrèsé méjì bá kọjú síra wọn. Ó ṣeé ṣe. Mo ti gbà á gbọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́, mo sì ti kọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́.

Ọmọ náà ò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Ó yípadà sí wa bí àgbàlagbà tí nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́.

"Ó ti lọ sílé," ló wí. "Àwa ń wá a bọ̀, òun ń wá wa lọ. Ẹ ní kí awakọ̀ yí padà."

Bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin ò ṣeé yí padà. Ọmọ náà ní ká sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láti ibẹ̀ títí a fi ń wo àwọn òrùlé Agége. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dẹ́kun kíka òpó iná. Ọmọ ọdún méje ni í ṣe nígbà tí èyí àkọ́dé kú, a pè é sí yàrá, a ní bó bá fi lè sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, Ọlọ́run á bínú. Kò sọ ọ́. Ó fẹnu mọ́ etí mi báyìí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún un. Èmi ló máa ń bi léèrè tí ẹ ò bá sí nílé. Mo ti parọ́ títí, ó ti sú mi."

A dé Èbúté-Mẹ́tta. Ooru gbà wá mọ́ra bí a ṣe jáde. Àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù wọn, àbúrò ọkọ mi sì ń pè pé òun wà níta. Ọmọbìnrin mi sọ̀ kalẹ̀, ó rin ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pèpéle náà tòun ti aṣọ yẹ́lò.

"Mi ò lọ," ló wí. "Ọkọ̀ tó máa padà ni mo fẹ́ wọ̀."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ gbé e, ọmọ náà le gbagidi bí pákó, ó sì kígbe débi pé obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan wá bi wá bóyá ọmọ wa ni lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Ọmọ náà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ.

"A ti ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Mo rí Dádì tó tì í. Á débẹ̀, á kan ilẹ̀kùn. Ta ló máa ṣí i fún un?"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ṣé o mọ Kánádà?"

"Ẹ má sọ ìyẹn," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ ìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù gidi. Ohùn Màmá ń dún létí mi pé ọ̀kan péré ló kù. Mo ń wo ojú ọmọ náà, mo ń rò ó pé bóyá ìgbà ìkẹyìn nìyí tí màá rí i báyìí, pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lẹ́nu mi, ohun kan á já nínú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ náà. Ó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun lọ bá a.

"Kò sí nílé," ni mo wí. "Kò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Kò wá sí Èkó rí. Ó kú."

Ọkọ mi yí ẹ̀yìn padà. Ọmọ náà gbójú sókè sí mi.

"Bíi Bàbá àgbà?"

"Bíi Bàbá àgbà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí a gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ta ló wá ń kí mi?"

"Màmá ni."

Ó rò ó. Mo ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó rí wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

"Ṣé ó béèrè mi?" lọmọ náà wí. "Ní ọsibítù?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti múra tán. Mi ò mọ ohun tó dá a dúró. Bóyá ó ti sú èmi náà bó ṣe sú ọmọkùnrin mi.

"Ó béèrè ẹ. Kò béèrè ẹlòmíràn."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní o ń bọ̀. Mo ní kó má sunkún mọ́, o ti wà lọ́nà."

"Àmọ́ ẹ ò wá mú mi."

"Rárá. Mi ò wá mú ẹ."

Ó wo ojú irin tó lọ sókè, síhà ibi tí a ti wá. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀.

"Ṣé ó ṣì ń retí mi?"

"Rárá!" Mo pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ti dé ẹnu ọ̀nà yíjú padà. Mo gbá a mọ́ra, mo gbé e dìde tòun ti gbogbo gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, mo sì gbé e jáde níbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká mi. Kò bá mi jà.

A lo ọ̀sẹ̀ náà ní Yaba. Ibà ò mú un. Ó jẹun, ó bá àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi ṣeré, ó sunkún lẹ́ẹ̀mejì, ẹkún tó jinlẹ̀, tí mo sì bá a sun. A wọ mọ́tò gba Ìjẹ̀bú-Òde padà sílé. Ọkọ mi ò dárúkọ ọkọ̀ ojú irin mọ́.

Gbogbo èèyàn ní ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn tó gbọ́ ọ ní mo gbìyànjú, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì ní ohun tó yẹ ká ti ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn. Kì í ṣe ohun tí mo sọ fún alààyè ló ń lé oorun lójú mi. Èyí tí mo sọ fún èkejì rẹ̀ ni, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó gbọ́ ọ, tó sì dákẹ́ ẹkún nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi nìkan. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí hàn mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi han òbí. Nígbà tí wọ́n sin ín, inú yàrá ni wọ́n ti èmi àti ọkọ mi mọ́. Màmá fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ojú ìyá éè gbọdọ̀ rí ibẹ̀." Mo ní màá gbẹ́ gbogbo àgbàlá náà bó bá fi kọ̀. Ó sì mọ̀ mí, ó mọ̀ pé màá gbẹ́ ẹ. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, ó nawọ́ sí ilẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ewé ọsàn ni, àti ẹsẹ̀ adìyẹ. Oòrùn ọ̀sán mú. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu sún mọ́ ilẹ̀ bí èèyàn ṣe ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀, mo pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Kò bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Mi ò ní jẹ́ kó wá. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má retí rẹ̀ mọ́."